Bàbà, Páànù àbí Fọ́ìlì: Kí Ni Ká Fi Bo Ẹ̀rọ Ohùn Tí Inverter Ń Yọ Lẹ́nu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Òṣogbo ni mo wà. Mo máa ń ṣe ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn máíkì sókè kó tó dé ampilifáyà ńlá, fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálááṣí. Àpótí ike ni mo ń kó o sí. Látìgbà tí àwọn oníbàárà mi ti ń lo inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ni wàhálà ti dé: ó ń ké hùùù, ó ń ṣe ṣíìì, tí ẹnì kan bá sì gbé fóònù sítòsí rẹ̀, á máa ṣe dí-dì-dí-dí. Mo fi fọ́ìlì tí wọ́n fi ń di ẹja yí àpótí náà po, kò yí nǹkan kan padà. Ẹnì kan ní kí n ra mu-metal, irin kan tó ń fa òòfà sára, owó rẹ̀ sì ga. Irin wo gan-an ni kí n rà, báwo ló sì ṣe yẹ kó nípọn tó?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ariwo mẹ́ta lẹ kà sílẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń wá sì yàtọ̀ síra. Hùùù ni iná 50 hertz, ìyẹn iná tó ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó ń yọ lára tiransífọ́mà tàbí tó ń gba wáyà ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń lọ sínú ilẹ̀, kiri. Ṣíìì ni inverter tó ń ṣí iná, tó ń tì í, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣe é ní 20 sí 50 kilohertz, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ìgbì náà (harmonics, àwọn ìgbì tó ń yára ní ìlọ́po ìlọ́po tirẹ̀) sì ń gùn dé megahertz mélòó kan. Dí-dì-dí ní tirẹ̀ ni fóònù tó wà lórí 2G, tó ń bá òpó sọ̀rọ̀ lórí 900 tàbí 1,800 megahertz. Ìgbì yẹn ga ju ohun tí etí lè gbọ́ lọ, ṣùgbọ́n fóònù kì í tú u jáde gbọọrọ: ó ń jù ú wẹ́wẹ́ ní ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tiransísítọ̀ àkọ́kọ́ nínú ẹ̀rọ yín ló ń sọ 217 yẹn di ohùn. Irin tó mú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè má rí èkejì mú rárá, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi lè sọ pé bàbà ni tàbí páànù, kí n sì dákẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wá ojú ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Ẹ mú pulọ́ọ̀gì máíkì tí kò ní wáyà lẹ́yìn, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì so ẹsẹ̀ àárín rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ẹ kì í bọ ojú ihò máíkì. Ẹ fi bátìrì gbé ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ sì fi íápíìsì oníwáyà kúkúrú gbọ́ ọ. Tí ariwo bá dákẹ́, wáyà ló ń gbé e wọlé. Ẹ wá dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, iná lákọ̀ọ́kọ́, máíkì tẹ̀ lé e, ampilifáyà ńlá kẹ́yìn, ẹ ó sì mọ èyí tó jẹ̀bi. Àfi tó bá ń ké nígbà tí kò sí wáyà kankan lára rẹ̀ ju ti íápíìsì lọ ni ẹ tó lè sọ pé inú afẹ́fẹ́ ló ti ń wọlé. Nínú irú ẹ̀rọ báyìí, wáyà ló sábà máa ń jẹ̀bi ju àpótí lọ. Rédíò AM kékeré kan tún wúlò níbí: ẹ yí i sí ibi tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan, ẹ máa gbé e sún mọ́ inverter díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ṣíìì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le ni ààlà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ yín kọjá.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ irin. Ìgbì kì í dá dúró lójú irin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń lọ. Bí ìgbì bá ṣe ń yára yí sí i, bẹ́ẹ̀ ni kì í wọlé jìnnà. Nínú bàbà, ìgbì 50 hertz ní láti rin nǹkan bíi mìlímítà 9 kó tó kù bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ti 100 kilohertz kò ju mìlímítà 0.2 lọ. Ti 1 megahertz jẹ́ 0.066. Nígbà tó bá fi dé 900 megahertz, ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan péré ni. Alumíníọ̀mù fẹ̀ ju èyí lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Fọ́ìlì ìdáná yín nípọn tó bíi mìlímítà 0.016. Ẹ ti lè rí i fúnra yín báyìí: fún agbára òòfà 50 hertz, fífi fọ́ìlì bò ó dà bí ẹni fi ajere pọn omi, fún ti fóònù, fọ́ìlì yẹn nípọn tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Síbẹ̀ fóònù ṣì ń wọlé sí yín. Ìdí wà fún un, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Hùùù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú, torí òun ni wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ ta mu-metal fún yín. Mu-metal dára gan-an. Ọdún 1923 ni wọ́n ti ṣe é ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún wáyà tẹligíráàfù tó ń gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá. Nickel ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún, irin tẹ̀ lé e, bàbà àti èròjà díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kì í tì ìgbì padà bíi ti bàbà; ńṣe ló ń fa agbára òòfà sára, tó ń darí rẹ̀ yí ohun tó wà nínú rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n lu ihò sí i, tàbí tó já bọ́ sílẹ̀, agbára yẹn á ti dín kù jọjọ, àyàfi tí wọ́n bá tún un sun nínú ààrò gáàsì hydrogen ní ooru tó ju 1,000 ìwọ̀n Celsius lọ. Ẹni tó bá ra páànù rẹ̀ pẹlẹbẹ tó wá fi òòlù àti fáìsì tẹ̀ ẹ́ nílé ti ba púpọ̀ nínú ohun tó sanwó lé lórí jẹ́. Ó tún tètè máa ń yó: tí agbára òòfà bá pọ̀, kò ní lè gba èyí tó kù mọ́ra. Ibi tó ti yẹ ni orí tó ń ka téèpù, tàbí tiransífọ́mà máíkì kékeré, tí ó ti wá nínú agolo rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ti sun tán. Kì í ṣe fún àpótí yín.

Ohun tó máa pa hùùù yín kò ní ná yín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé tiransífọ́mà jìnnà. Agbára òòfà tó ń yọ lára rẹ̀ máa ń já gan-an: tí ẹ bá sọ jíjìnnà rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ yín á di bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Sẹ̀ǹtímítà 10 tó di 30 ju ọ̀pọ̀ páànù lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tú síkúrù tiransífọ́mà náà, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbọ́ ọ. Ojú kan wà tí hùùù á ti rẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dè é mọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ṣọ́ra, ojú iná ilé wà lára rẹ̀: ike tó gbẹ ni kẹ́ ẹ fi dì í mú. Onírìbìtì, ìyẹn toroid, máa ń tú òòfà síta kéré ju onígun mẹ́rin lọ. Tí ó bá ṣì kù, páànù irin onímìlímítà 1 sí 1.5, irú èyí tí àwọn aṣepánẹ́ẹ̀lì ń lò, ni kẹ́ ẹ fi dá ògiri sáàárín tiransífọ́mà àti bọ́ọ̀dù. Irin lásán máa ń fa òòfà. Bàbà àti alumíníọ̀mù kì í fà á.

Ọ̀pọ̀ hùùù sì wà tí kì í ṣe ti òòfà rárá. Tí ẹ̀rọ yín bá ń gba iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, tí ampilifáyà ńlá ń gbà á láti òmíràn, wáyà ẹ́ẹ̀tì àwọn méjèèjì á so pọ̀ nínú ilé, á tún so pọ̀ lára wáyà ohùn, iná á sì máa yí po láàárín wọn. Ẹ kó àwọn méjèèjì sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Mo rọ̀ yín gidigidi, ẹ má gé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì kúrò lára pulọ́ọ̀gì kí hùùù lè dákẹ́. Àpótí onírin tí iná ilé wọ inú rẹ̀ tí kò ní ẹ́ẹ̀tì lè pa ẹni tó di máíkì mú.

Ṣíìì ti inverter gba sùúrù díẹ̀ sí i, torí ọ̀nà méjì ló ń gbà wá. Èyí tó jẹ́ agbára iná nìkan, fọ́ìlì tàbí téèpù bàbà máa ń dá a dúró pátápátá, bó ti wù kó fẹ́lẹ́ tó, àfi ìgbà tí kò bá so mọ́ ẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀dù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an nìyí. Fọ́ìlì tí ẹ yí po tí ẹ kò so mọ́ nǹkan kan ń gba ìgbì lápá kan, ó ń gbé e fún bọ́ọ̀dù lápá kejì. Èyí tó jẹ́ agbára òòfà ní 30 kilohertz kò gbọ́ ti fọ́ìlì: bàbà ní láti tó bíi mìlímítà 0.4, alumíníọ̀mù 0.5, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i mú. Àpótí alumíníọ̀mù tí wọ́n dà, tí ògiri rẹ̀ tó mìlímítà 2, máa ń ṣe é dáadáa. Ní ẹ̀gbẹ́ inverter fúnra rẹ̀, ẹ lọ́ wáyà bátìrì méjèèjì, pupa àti dúdú, mọ́ ara wọn títí dé orí bátìrì. Tí wọ́n bá la ẹnu sílẹ̀ bí òrùka, òrùka náà ló ń tú òòfà jáde, bó bá sì ṣe fẹ̀ tó ni ariwo rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Ó wá kan fóònù. Àwọn àgbà wa sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá a mu tó ibí. Irin yín nípọn tó. Ojú ìpàdé rẹ̀ ni kò pa dé. Gígùn ihò ni ìgbì rédíò ń wò, kì í wo bó ṣe fẹ̀. Ọmọrí àpótí tí ẹ fi síkúrù mẹ́rin dè ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 16, ní àlàfo tó fẹ́lẹ́ bí ìwé láàárín síkúrù méjì. Ojú lè má rí i. Ṣùgbọ́n ìgbì 900 megahertz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 33, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 16.7, àlàfo tó bá gùn tó ìdajì ìgbì a di eriali pátápátá, á máa gbé ìgbì wọlé bí ẹni pé irin ò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí ohun tó wọlé dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, àlàfo kankan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ogún ìgbì lọ: mìlímítà 16 fún 900, mìlímítà 8 fún 1,800. Nítorí náà ihò róbótó mẹ́wàá onímìlímítà 3 fún atẹ́gùn sàn jìnnà ju lílà kan ṣoṣo tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jọ ń gba iye atẹ́gùn kan náà kọjá.

Tí ihò bá jìn bíi ti páìpù, ó tún sàn sí i: páìpù irin róbótó tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí ohunkóhun kọjá, tí ẹnu rẹ̀ bá ṣáà ti kéré gan-an sí ìgbì náà. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ojú fáànù bí afárá oyin nínú ẹ̀rọ àwọn ológun àti ti ọsibítù nìyẹn. Ohun kan ló ń bà á jẹ́: kí ẹnì kan ti wáyà gba inú páìpù náà kọjá. Wáyà yẹn á gbé ìgbì wọlé tààrà.

Ohun tí mo máa yàn fún yín nìyí. Fún gbogbo ẹ̀rọ náà, ẹ ra àpótí alumíníọ̀mù tí wọ́n dà, kẹ́ ẹ fi ti ike sílẹ̀. Fún ojú ibi tí ohùn máíkì ti ń wọlé, tí ohùn ti kéré jù lọ, ẹ ṣe agolo kékeré síi nínú rẹ̀. Ẹ kò ní láti rà á: agolo mílíìkì tàbí ti tòmátò jẹ́ páànù irin tí wọ́n fi táńganran (tin) bò, lẹ́ẹ̀dì sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún alumíníọ̀mù. Ẹ gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ là á, ẹ tẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ sábà máa ń ní ọ̀dà tínrín tó ń dán. Sáńpépà ni kẹ́ ẹ fi ha á kúrò ní gbogbo ibi tí lẹ́ẹ̀dì máa kàn, ṣùgbọ́n ẹ má ha á títí irin á fi hàn, torí ibẹ̀ á dógùn-ún. Ẹ sàmì sí i kí ògiri rẹ̀ lè jìnnà sí kàpásítọ̀ àti rẹsístọ̀ ní mìlímítà 5 ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì fi etí mìlímítà 5 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọn á fi gorí ara wọn. Ẹ fi rúlà irin tẹ̀ ẹ́ kí igun rẹ̀ lè mú. Áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì tó tó 60 watt ni kẹ́ ẹ lò, nítorí páànù máa ń fa ooru. Ti 25 watt á kàn fi lẹ́ẹ̀dì jókòó sórí rẹ̀ bí ẹyin láìlẹ̀. Gbogbo igun ni kẹ́ ẹ jó pa, kí ojú ìdè má sì jìnnà síra ju mìlímítà 10 lọ. Ẹ tẹ́ páálí tàbí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kó má baà kan ìdí bọ́ọ̀dù. Ojú kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ so ó mọ́ ẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀dù, níbi tí ẹ́ẹ̀tì máíkì ti wọlé, kí wáyà rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ.

Tí owó àpótí alumíníọ̀mù kò bá tíì sí, téèpù bàbà nínú àpótí ike náà ṣeé ṣe. Ẹ bi ọlọ́jà bóyá gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbé iná. Ọ̀pọ̀ ni kì í gbé e. Ẹ lẹ ègé méjì kí ọ̀kan gorí èkejì ní mìlímítà 10, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kan ẹnu mítà méjèèjì mọ́ ara wọn, kẹ́ ẹ sì yọ iye yẹn kúrò. Tí ohun tó kù bá ju ìdajì ohm lọ, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kán ojú ìpàdé náà ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 2, ní kíá kí ike má yọ́. Ọ̀dà nickel tí wọ́n ń fọ́n wà pẹ̀lú, ó nílò ìkùn méjì sí mẹ́ta. Ọ̀dà dúdú oní-graphite tí wọ́n ń kùn sínú gìtá máa ń ran hùùù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lágbára tó fún fóònù.

Àwọn àpótí aláwọ̀ dúdú tàbí fàdákà tó dán ń tan ènìyàn jẹ. Awọ yẹn kì í gbé iná. Ẹ fi mítà kan ọmọrí àti ara àpótí: tí kò bá sọ nǹkan kan, irin méjì tí kò mọra ni wọ́n jẹ́, ẹ̀rọ yín kò sì ní àbò. Ẹ fi sáńpépà ha etí méjèèjì yípo ní mìlímítà 10 títí mítà á fi sọ odo. Láàárín wọn, ẹ lè fi gásíkẹ́ẹ̀tì oní-fóòmù tí wọ́n fi aṣọ onírin wé, kẹ́ ẹ sì dè é mọ́lẹ̀ kó sún kì tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kó má ṣe tẹ́ pátápátá. Ẹ má fi bàbà tí kò ní nǹkan lára kan alumíníọ̀mù. Nígbà òjò, pàápàá ní etíkun bíi Èkó àti Kútọnu tí atẹ́gùn ti ń gbé iyọ̀, omi díẹ̀ láàárín wọn á máa jẹ alumíníọ̀mù náà, á sì yọ ìyẹ̀fun funfun. Àbò yín á jò láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Téèpù bàbà tí wọ́n fi táńganran bò sàn fún ibẹ̀.

Gbogbo èyí kò ní wúlò tí wáyà máíkì bá ń gbé fóònù wọlé. Ara ihò máíkì gbọ́dọ̀ kan irin àpótí yípo, níbi tí ẹ ti ha ọ̀dà kúrò. Bí ẹ bá fi wáyà tín-ín-rín onísẹ̀ǹtímítà 5 so àwọ̀n wáyà máíkì mọ́ àpótí, wáyà kékeré yẹn nìkan ti di nǹkan bí ohm 30 ní 100 megahertz. Dípò kó kó ìgbì dà sí ẹ́ẹ̀tì, á dá a padà sínú. Ní ẹ̀yìn ihò máíkì gan-an, ẹ fi kàpásítọ̀ ceramic 100 picofarad láti ẹsẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan sí ara àpótí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ju mìlímítà 5 lọ. Fún ṣíìì tó ń gba wáyà iná wọlé, ẹ lo òrùka ferrite: manganese-zinc fún ti inverter, nickel-zinc fún ìgbì tó ju 30 megahertz lọ. Kí wáyà gba inú rẹ̀ kọjá ní ìgbà mẹ́ta, nítorí agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́sàn-án nígbà yẹn, kì í ṣe mẹ́ta.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ fi fóònù dán an wò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ sínú ètò rẹ̀ kẹ́ ẹ yàn án sí 2G nìkan. 4G kì í ké dí-dì-dí bẹ́ẹ̀, á sì tàn yín jẹ pé iṣẹ́ ti pé. Ẹ pe nọ́ńbà kan, ẹ gbé fóònù náà yí àpótí ká ní sẹ̀ǹtímítà 30, lẹ́yìn náà ní 5. Tí ó bá ké ní apá kan, ẹ fi ìka tẹ etí ọmọrí níbẹ̀ gírígírí. Bó bá dákẹ́ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, síkúrù ibẹ̀ jìnnà síra jù: ẹ lu ihò kan sí àárín wọn, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sí i.